Láti Ọwọ́ Ológò Dé Inú Lẹ́tà: Ìtàn Bí A Ti Ń Dáhùn sí Gbèsè Tí A Kò Mọ̀



Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irú lẹ́tà kan kò lè kan òun láéláé. Ènìyàn a jókòó jẹ́jẹ́ sí ilé rẹ̀, wọn a mú ìwé wá fún un. Ó ṣí i, ó rí i pé ilé-iṣẹ́ kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni ó kọ ọ́. Ìwé náà sọ pé ó jẹ owó kan, pé èlé ti gorí owó náà, àti pé bí kò bá san án kí ọjọ́ méje tó pé, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí kí ó fara mọ́ ọn. Ó ronú títí, kò rántí ìgbà tí òun yá owó náà. Kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó sáré san án kí ìtìjú má baà dé ni? Ṣé kí ó ya ìwé náà sọnù? Tàbí kí ó kọ èsì? Bí ó bá sì fẹ́ kọ èsì, kí ni kí ó kọ sí i?

Ẹ lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn amòfin ni èyí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtàn àti ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Kí lẹ́tà tó dé ilẹ̀ wa ni a ti ń sin gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kí kóòtù tó dé ni a ti ń fi gbèsè kan ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ìtìjú ni irinṣẹ́ asinwó láti ayé àtijọ́ títí di òní, àti pé ohun tí ó ń gba ẹni tí a fi gbèsè kàn kò yí padà: kí ó bèèrè ẹ̀rí kí ó tó tọwọ́ bọ àpò.

Gbèsè nínú èdè wa

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a jogún. Yorùbá ní a ń jẹ oyè, a ń jẹ ìyà, a sì ń jẹ gbèsè. Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi yé wa pé nǹkan tí ó wọ ara ènìyàn lọ ni wọ́n ń sọ. Owó ni a ń yá. Ọjà ni a ń rà ní àwìn. Ẹni tí ó dúró fún ayáwó ni onídùúró tàbí onígbọ̀wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ń tọ́ka sí ènìyàn tí a mọ̀, tí ó sì mọ̀ wá.

Ní ayé owó ẹyọ, yíyá owó kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Ẹgbàá ni orí kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù alágbára sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó bá yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta yóò wá alárùú, àwọn ará ilé yóò jókòó ka owó náà, aládùúgbò yóò sì rí i nígbà tí a ń gbé e kọjá. Ẹni tí ń ta ọjà ní àwìn a máa fa ìlà sí ara ògiri, oníbàárà rẹ̀ a sì máa rí ìlà náà. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ojú àti etí àwọn ènìyàn ni ìwé.

Nítorí náà, kò wọ́pọ̀ kí gbèsè ṣàjèjì sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ gan-an. Ìgbà tí gbèsè bá rìn ni ó ń di àjèjì: bí ó bá rìn kúrò lọ́dọ̀ baba tí ó kú wá sọ́dọ̀ ọmọ, tàbí kúrò lọ́dọ̀ ará ìlú kan lọ sọ́dọ̀ ará ìlú rẹ̀ mìíràn, tàbí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lóde òní, kúrò lọ́wọ́ ilé-ìfowópamọ́ lọ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó rà á. Gbèsè tí a kò mọ̀ ni gbèsè tí ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí òun ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi yóò fara tì.

Ológò

Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé ọ̀nà kan tí a fi ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ̀ tí kò san. Wọ́n ń pè é ní dídógò ti ènìyàn. Àwọn kan wà tí wọ́n fi í ṣe iṣẹ́ ṣe. Ológò ni orúkọ wọn, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ará ìlú ń fẹ́ràn. Ológò yóò wọ agbo ilé onígbèsè, yóò jókòó síbẹ̀. Yóò pariwo, yóò bú ènìyàn, yóò béèrè oúnjẹ, yóò sì mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá rí. Bí onígbèsè kò bá sí nílé, àwọn ará ilé ni yóò máa dà láàmú títí wọn yóò fi mú un jáde tàbí kí wọ́n dá owó náà san.

Ó yẹ kí a kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú ìwà yìí. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ológò ń dójú tì; gbogbo agbo ilé ni. Ó mọ̀ pé ìyàwó tí wọ́n mú adìẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sùn. Ó mọ̀ pé baálé kò ní fẹ́ kí àlejò bá irú ariwo bẹ́ẹ̀ nílé òun. Ẹni tí kò jẹ gbèsè ni ó ń tipa bẹ́ẹ̀ san án, nítorí kí ojú má baà tì í.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò kú. Lónìí, bí a bá sọ pé ènìyàn fi ilé rẹ̀ dógò, ohun tí a ń sọ ni pé ó fi ilé náà ṣe ìdúró fún owó tí ó yá. Ariwo ológò ti parẹ́ nínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìdè kò parẹ́.

Àmúyá

Ọ̀nà kejì le ju ti ológò lọ. Bí onígbèsè bá wà ní ìlú mìíràn tí ọwọ́ kò tó o, olówó lè dènà de ará ìlú onígbèsè tí ó bá ń kọjá, kí ó mú un tàbí kí ó gba ẹrù rẹ̀. Èmú tàbí àmúyá ni wọ́n ń pè é. Olatunji Ojo kọ iṣẹ́ ìwádìí pàtàkì lé e lórí ní ọdún 2007. Ẹni tí a mú lè má mọ onígbèsè náà rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nínú àmúyá, a mọ̀ọ́mọ̀ sọ òkò náà kí ó lè ba ará ilé ni.

Èrò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú ẹni tí a mú yóò fi ipá mú onígbèsè gidi san owó náà. Nígbà mìíràn ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ba òwò jẹ́, ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú, nítorí ẹni tí a fi ìyà gbèsè ẹlòmíràn jẹ kì í gbàgbé. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí òfin bá gba asinwó láyè láti mú ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn, kò ní í ṣe wàhálà láti wá ẹni tí ó jẹ ẹ́ gan-an.

Ọmọ, òkú àti ìwọ̀fà

Ibi tí gbèsè àjèjì ti wọ́pọ̀ jù ni ibi òkú. Nígbà tí baba bá kú, ẹnìkan lè yọjú láti sọ pé olóògbé jẹ òun. Àṣà wa mọ èyí, ó sì ní ètò fún un. Olórí ẹbí a máa kéde pé kí ẹni tí òkú jẹ wí, kí ẹni tí ó jẹ òkú náà sì wí. Ẹni tí ó bá wí yóò dárúkọ iye owó, yóò sọ ohun tí a fi owó náà ṣe, yóò sì pe ẹlẹ́rìí. A kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Àwọn Mùsùlùmí láàárín wa tún ní ìlànà tí ó ṣe kedere: a ó san gbèsè òkú kí a tó pín ogún, Àlùkùránì sì pàṣẹ nínú Súrà kejì, ẹsẹ 282, pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ òyìnbó ni gbogbo wa ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ó yẹ kí gbèsè ní ìwé.

Bí ẹ̀rí bá fìdí múlẹ̀ tí owó kò sí, ìwọ̀fà ni ó kàn. Ènìyàn, ó lè jẹ́ ọmọ tàbí àbúrò ayáwó, yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ náà ni èlé. Ojú owó kò dín. Bí ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, gbogbo owó ni ẹbí rẹ̀ yóò san kí ó tó padà sílé. Johnson tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, N. A. Fadipe náà sì fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1970. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọmọ tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe èlé owó tí wọ́n fi ṣe òkú ẹni tí kò mọ̀ dáadáa, kí ni òun mọ̀ nípa gbèsè náà? Ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba amúnisìn ń fi òfin dí àṣà yìí díẹ̀díẹ̀, pàápàá ti ọmọdé.

Òṣómàáló

Nígbà tí aṣọ òkèèrè di ọjà ńlá, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń ru aṣọ káàkiri ìlú àti oko, wọ́n ń tà á ní àwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣómàáló ni a sọ wọ́n, láti inú ohun tí wọ́n máa ń wí lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà: pé òṣó ni àwọn yóò ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. J. D. Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ọdún 1983.

Òṣómàáló jọ ológò ní ìjókòó, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò kéré. Ológò ń sin owó ẹlòmíràn. Òṣómàáló ń sin owó ara rẹ̀. Ó mọ aṣọ tí ó tà, ó mọ ọjọ́ tí ó tà á, ó sì mọ ojú ẹni tí ó rà á. Ó lè le koko mọ́ oníbàárà, kò ní ṣòro fún un láti sọ ohun tí owó náà jẹ́. Ẹni tí ó ń sin owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ìbéèrè máa ń dẹ́rù bà.

Ìwé àti kóòtù

Òyìnbó gba Èkó ní ọdún 1861. Òfin ilé-ẹjọ́ gíga ti ọdún 1876 sì sọ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti wà ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1874, yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lára ẹrù tí òfin yìí gbé wá ni nǹkan mẹ́ta tí ó kan ọ̀rọ̀ wa.

Èkíní ni òfin ọdún 1623, tí ó fi ọdún mẹ́fà ṣe gbèdéke fún pípe ẹjọ́ lórí gbèsè lásán. Lójú àwọn baba wa, ọjọ́ kì í pa gbèsè. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ ṣì wà láàyè. Ohun tuntun ni kí a sọ pé ẹni tí ó dákẹ́ fún ọdún mẹ́fà kò lè gbé onígbèsè lọ sí kóòtù mọ́. Èkejì ni òfin ọdún 1828, tí ó sọ pé bí onígbèsè bá jẹ́wọ́ gbèsè ní kíkọ, tí ó sì fọwọ́ sí i, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá san díẹ̀ nínú rẹ̀, bákan náà ni. Ẹ̀kẹta ni òfin ọdún 1677, tí ó sọ pé ìlérí láti san gbèsè ẹlòmíràn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù àfi bí ó bá wà ní kíkọ. Ó kan àwọn ọmọ olóògbé gan-an: inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ ti yẹ kí ó jáde, kì í ṣe inú àpò ọmọ, àfi bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò san án.

Ẹ wo bí ìwé ti ní ojú méjì. Ó gba onígbèsè lọ́wọ́ ariwo, nítorí ó ń bèèrè ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó dẹ pàńpẹ́ fún ẹni tí kò mọ agbára ìkọ̀wé. Ní ayé àrokò, owó ẹyọ méjì tí ó kọjú sí ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀, èyí tí ó kẹ̀yìn síra ń sọ̀rọ̀ ìjà. Bí ènìyàn bá ṣi àrokò túmọ̀, a lè tún ọ̀rọ̀ sọ lójúkojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé kò ní àyè láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun wí.

Ológò lórí fóònù

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ayé tiwa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn asinwó ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn lóru, wọ́n ń tú àṣírí rẹ̀ fún ọ̀gá àti aládùúgbò, títí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 1977. Òfin náà sọ pé láàárín ọjọ́ márùn-ún tí asinwó bá kọ́kọ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó dárúkọ olówó àti iye owó. Bí ẹni náà bá kọ̀wé láàárín ọjọ́ 30 pé òun kò gbà pé òun jẹ ẹ́, asinwó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí yóò fi mú ẹ̀rí wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin àwìn ti ọdún 1974 fún ayáwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà ìwé àdéhùn fún pọ́n-ùn kan péré. Bí olówó kò bá mú un wá, kò lè fi agbára òfin gba gbèsè náà títí yóò fi mú un wá. Ọdún mẹ́fà ni gbèdéke gbèsè lásán níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ti Scotland.

Ní Nàìjíríà, gbèdéke ọdún mẹ́fà ṣì wà nínú òfin Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jáde láti inú Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìyọnu tí ó tóbi jù ní ọdún àìpẹ́ yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù wá. Nígbà tí ènìyàn bá ń yá owó lọ́wọ́ wọn, wọn a ti wo gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san án, wọn a ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ẹni tí ó ta bàtà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ọ̀daràn ni. Ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ a kàn rí i pé wọ́n ń pe òun ní onídùúró fún gbèsè tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe ológò tí ó wọ agbo ilé? Kí ni bí kò ṣe àmúyá, tí a mú ẹni tí ó ń kọjá lọ dípò onígbèsè?

Ìjọba kò dákẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ kan lórí nítorí irú ìwà yìí. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe ìlànà pé kí àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò àṣírí ènìyàn sì jáde ní ọdún 2023. Ìwà náà kò tíì tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò fi ẹjọ́ sùn kì í ṣe ẹni tí a lè máa fi ariwo lé kiri.

Èsì tí ó yẹ

Mo padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ti fi hàn wá pé ohun mẹ́ta ni ẹni tí ó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Kò gbọ́dọ̀ sáré san díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán. Èyí ni ó ṣòro fún wa jù, nítorí àṣà wa ni láti fún aláriwo ní nǹkan kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n owó díẹ̀ náà lè jí gbèsè tí ọjọ́ ti pa, ó sì lè di ẹ̀rí pé a gbà pé a jẹ ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun, nítorí ẹni tí ó tọrọ sùúrù lórí gbèsè ti jẹ́wọ́ gbèsè. Kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ sàmọ́ǹsì kóòtù ni akódà mú wá. Asinwó lè halẹ̀ lásán. Kóòtù kì í halẹ̀ lásán, ó sì lè dá ẹjọ́ lẹ́yìn ẹni tí kò yọjú.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ kò gùn. Kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sọ pé òun kò mọ gbèsè náà, òun kò sì gbà pé òun jẹ ẹ́. Kí ó wá béèrè ohun tí olórí ẹbí máa ń béèrè níbi òkú: Ta ni ó yá mi lówó gan-an? Èló ni ojú owó, èló sì ni èlé? Ọjọ́ wo ni a yá a, ọjọ́ wo sì ni a san nínú rẹ̀ kẹ́yìn? Níbo ni ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí wà? Ìwé wo ni ó fi hàn pé ẹ̀yin ni olówó fi gbèsè náà lé lọ́wọ́? Kí ó má kọ nọ́ńbà ilé-ìfowópamọ́ rẹ̀ sí i, nítorí òmíràn nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, gbájú-ẹ̀ ni ó kọ ọ́. Kí ó fi ẹ̀dà èsì náà pamọ́. Bí owó náà bá pọ̀, kí ó wá amòfin kí ó tó kọ ọ́ rárá.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń sẹ́ gbèsè. Ẹni tí ó jẹ, kí ó san. Kò sí àwùjọ tí ó lè dúró bí ẹni tí ó yáni lówó kò bá lè gbà á padà. Ìdí nìyí tí ìbéèrè wọ̀nyí fi dára fún tọ̀tún tòsì. Olówó tòótọ́ yóò dáhùn wọn ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà, gẹ́gẹ́ bí òṣómàáló ti lè sọ irú aṣọ tí ó tà. Bí onígbèsè bá sì rí ìwé tí ó gbàgbé, ojú rẹ̀ yóò là, yóò san án. Ẹni tí kò lè dáhùn wọn nìkan ni wọ́n ń lé lọ.

Láti ìgbà tí ológò ti ń mú adìẹ aládìẹ ni a ti ń san gbèsè tí kì í ṣe tiwa nítorí kí ojú má baà tì wá. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn wí pé, "Ẹ fi ẹ̀rí hàn mí." Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.